Kì Í Ṣe Ọwọ́ Màmá Ló Ba Íńtánẹ́ẹ̀tì Wa Jẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè orúkọ mi. Ẹdẹ ni mò ń gbé. Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ní ọkọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan kiri nínú. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, kódà mi ò sọ fún ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tó mọ gbogbo àṣírí mi yòókù.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé ọkọ mi ń bọ̀ wálé láti Kánádà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ìyá ọkọ mi sì ti ń múra bí wọ́n ṣe máa bẹ ọmọ tí wọ́n fúnra wọn bí, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kì í ṣe tiwọn. Tèmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bú mi. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ lè wá bú mi.

Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni ọkọ mi rí iṣẹ́ sí Kánádà. Ó ní òun á kọ́kọ́ lọ fìdí múlẹ̀ kí òun tó wá mú mi. Ó ní kí n máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ẹdẹ. Ọmọ Sekona ni mí, ilé bàbá mi ò jìnnà, àmọ́ ìyàwó tó bá kẹ́rù padà sílé bàbá ẹ̀ nígbà tí ọkọ ẹ̀ rìnrìn àjò, ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ. Inú mi ò dùn, àmọ́ mo gbà.

Ẹ má rò pé ìyá ọkọ burúkú ni mo fẹ́ ròyìn fún yín o. Háà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Lọ́jọ́ tí mo kẹ́rù dé, Màmá ti ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì tiwọn sí yàrá mi. Wọ́n ní èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń dun ènìyàn lẹ́yìn. Láàárọ̀, bí mo bá fẹ́ gbálẹ̀, wọ́n á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi: "Àbẹ̀kẹ́, lọ múra, àwọn ọmọ ń dúró dè ọ́ nílé ìwé." Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi. Látìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún fi pè mí, àfi Màmá.

Télọ̀ ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ kan tí wọn ò fi sílẹ̀ ni òwú híhun. Kò sí ohun kan nínú pálọ̀ wa tí kò ní ìbòrí. Tẹlifíṣọ̀n ní tiẹ̀, rédíò ní tiẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn àga ní tiwọn, títí kan agolo tí a ń kó bisikíìtì sí. Òdòdó òwú tó jọra, tó gún régé, o ò ní mọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ hun nínú wọn.

Ìsàlẹ̀ ni ilé wa wà, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà sọ́nà odò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù alágbèéká ò fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Ohùn á wọlé, àwòrán ò ní wọlé. Nítorí ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe lọ bá ilé iṣẹ́ kan tó ń fa wáyà tẹlifóònù wọ ilé àwọn ènìyàn ládùúgbò wa. Wáyà kan náà ló ń gbé ìpè, òun náà ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé tẹlifóònù orí tábìlì kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Wọ́n gbé ráútà, ìyẹn àpótí kékeré oníná wínníwínní yẹn, sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún wa.

Ọkùnrin tó wá fa wáyà náà ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Tìmótì. Ó fi nǹkan funfun kan hàn mí, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ó fi í sáàárín ihò ara ògiri àti tẹlifóònù ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní fílítà ni. Ó ní bí asẹ́ ògì ló ṣe ń ṣiṣẹ́, òun ni kì í jẹ́ kí ohùn tẹlifóònù dà pọ̀ mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ìyàwó wa, ẹ má yọ èyí o," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá gbé tẹlifóònù yìí, íńtánẹ́ẹ̀tì yín á dákú."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Ì bá sàn ká ní etí mi di lọ́jọ́ yẹn.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi máa ń pè. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwọn, àkókò tó fi ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ ni. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún un. Tó bá kúrò níbi iṣẹ́ yẹn, iṣẹ́ mìíràn ló tún ń lọ, ọjọ́ ìsinmi pàápàá kì í gbádùn. Torí náà, ogójì ìṣẹ́jú yẹn ni tiwa, èmi àti ìyá ẹ̀.

Láti aago mẹ́rin ààbọ̀ ni Màmá á ti jókòó. Wọ́n á ti wẹ̀, wọ́n á ti wé gèlè, wọ́n á fi àtíkè díẹ̀ sójú. Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

"Màmá, ṣé ọmọ yín lẹ fẹ́ rí ni, àbí àfẹ́sọ́nà yín?"

"Méjèèjì ni. Àbí ò ń jowú?"

A jọ máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mò ń jowú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Bí ojú ọkọ mi bá ti yọ lórí kọ̀ǹpútà, Màmá á pariwo: "Àjàní! Àjàní mi!" Èmi á kí i láti ẹ̀yìn, màá sì gba ilé ìdáná lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Bí ìyá àti ọmọ bá ń sọ̀rọ̀, ìyàwó kì í jókòó tì wọ́n kó lanu sílẹ̀. Mi ò sì lè yọjú láti ilé ìdáná kí n ní, "Màmá, ó tó, ó ti kàn mí." Ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́? Màá kàn máa gé ẹ̀fọ́, màá máa wo aago.

Ìgbà tí Màmá bá fi máa pè mí, "Àbẹ̀kẹ́, wá kí ọkọ ẹ," ìṣẹ́jú mẹ́ta ló máa ń kù, nígbà mìíràn méjì. Ṣé o ti jẹun? Mo ti jẹun. Ṣé ara le? Ara le. Ó tán. Màmá ò sì kúrò lórí àga. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi, ṣé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ níwájú ìyá ọkọ ni?

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé nígbà mìíràn mi ò ní gbọ́ ohùn Màmá rárá láti pálọ̀. Wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á máa wo ọmọ wọn bó ṣe ń jẹun. Màá ní nínú ọkàn mi pé, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ìyá yìí, kí ló dé tí wọn ò gbé e fún mi? Irú ìwọra wo rèé?

Ọjọ́ ìbí mi ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ti dá. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, mò ń ka ìṣẹ́jú. Ó ti di mẹ́rìnlélógún, Màmá ò tíì pè mí. Tẹlifóònù yẹn wà níwájú mi gan-an. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo yọ fílítà náà, mo so wáyà tẹlifóònù padà mọ́ ògiri láìsí i, mo sì gbé tẹlifóònù. Mo rọra kà á sínú, ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Mo gbé e padà. Mo wo ẹ̀yìn bí olè, olè náà sì ni mí.

"Àjàní? Àjàní! Ó ti dúró o! Àbẹ̀kẹ́, wá wò ó, ojú ẹ̀ ti dúró gbagidi!"

Mo sáré wọ pálọ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Iná aláwọ̀ ewé ara ráútà ti lọ, pupa ló ń ṣẹ́jú. Kò tó ìṣẹ́jú kan, fóònù mi dún. Ọkọ mi ni. Mo gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, a sì sọ̀rọ̀ títí àkókò ẹ̀ fi tán. Ó kọrin ọjọ́ ìbí fún mi. Ó sọ àwọn nǹkan tí mi ò ní kọ síbí. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo padà wọlé, Màmá ṣì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, gèlè lórí, ọwọ́ lórí ẹsẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ ò bá ti wá bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù mi." Wọ́n ní, "Rárá, Àbẹ̀kẹ́. Kò sí bí mi ò ṣe mọ ohùn ẹ̀. Ojú ẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

Ká ní mo ní làákàyè ni, mi ò bá ti dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àmọ́ mi ò dúró. Ó mọ́ mi lára. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà tó yá ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ní ìwọ̀n tí mò ń lò: màá jẹ́ kí Màmá rí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá wá gbé tẹlifóònù. Mo tún ń tan ara mi pé ojúure ni mò ń ṣe fún wọn. Oṣù méje ni mo fi ṣe é.

Ẹ gbọ́ wàhálà tí ọkọ mi ṣe lórí láìnì yìí. Ó ní kí n pa ráútà, kí n ka ọgbọ̀n, kí n tún un tàn. Mo ṣe é. Ó ní kí n gbé e jìnnà sí fíríìjì. Mo gbé e. Ó ní kí n yọ ìbòrí olówùú tí Màmá hun fún un, pé ooru ń mú un lábẹ́ ẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó ra wáyà tuntun ránṣẹ́. Ó ní kí n ka àwọn iná ara ẹ̀ fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan, èwo ló dúró, èwo ló ń ṣẹ́jú. Mo kà á bí ẹni ń ka Bíbélì. "O ṣeun, ìyàwó mi," á wí. "Wàhálà yìí pọ̀ fún ẹ." Ojú ò tì mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọ̀gbẹ́ni Tìmótì wá. Bí mo bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà ẹ̀ níta, màá sáré fi fílítà sáyè ẹ̀. Láìnì á wá máa sáré geere. Ó gun òpó, ó gé ibi tí wáyà ti dípẹtà, ó pààrọ̀ gbogbo wáyà láti orí òpó títí dé ara ògiri wa. Ó gbé ẹ̀rọ tí ó fi ń wọn láìnì síbí, ó gbé e sọ́hùn-ún. Kò rí nǹkan kan.

"Ìyàwó wa, láìnì yìí mà ń bẹ̀rù mi o," ló wí. "Bí mo bá ti dé, á gbọ́ràn. Bí mo bá lọ, á ya ìpáǹle."

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un ní àgbàdo sísè. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan kó tó gun ọ̀kadà ẹ̀: "Màmá, níta, kò sí nǹkan mọ́. Bó bá tún ń já, inú ilé yìí lọ̀rọ̀ wà."

Àyà mi já. Mo rò pé ó ti rí mi. Àmọ́ àyà Màmá ló já jù.

Nígbà tí ó lọ tán, wọ́n ní kí n jókòó. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ sọ nǹkan fún ẹ. Nígbà tí eruku pọ̀ nínú ilé, mo fi aṣọ tútù nu àpótí yẹn. Mo rí i tí omi kán sínú ihò ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sọ. Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi ló bà á jẹ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí, ibi tí mo ti ṣẹ̀ jù rèé. Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Mo lè sọ pé rárá. Rárá ò ná mi ní nǹkan kan. Àmọ́ mo rò ó pé tí mo bá ní rárá, wọn á máa wádìí lọ, wọn á wádìí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo ní, "Bóyá ni, Màmá."

Wọ́n pa ojú dé. Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má bínú. Mo ti ba ayọ̀ ẹ jẹ́. Èmi tí mo ti ń wo ojú Àjàní látọjọ́ tí mo ti bí i. Ìwọ ńkọ́, tó o wò ó fún oṣù mẹ́rin péré?"

Ìyá tó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí ló ń bẹ̀ mí. Mo ní kò burú, mo ní kí wọ́n má rò ó mọ́. Bí mo ṣe dárí jì wọ́n nìyẹn, ẹ gbọ́ mi! Èmi, mo dárí jì wọ́n!

Látọjọ́ náà, Màmá ò fọwọ́ kan àpótí yẹn mọ́. Bí wọ́n bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan, kó má baà ṣèèṣì kan nǹkan kan. Bí àwòrán bá sì dúró, wọn ò pariwo mọ́. Wọ́n á kàn sọ wẹ́rẹ́ pé, "Ọwọ́ mi ni."

Wọ́n hun ìbòrí kan fún kọ̀ǹpútà náà, láti fi tù wá lójú, èmi àti ọkọ mi. Ó gbà wọ́n ní oṣù kan gbáko. Nígbà tí wọ́n gbé e fún mi, mo rí i pé kò gún. Apá kan gùn ju èkejì lọ. Àwọn òdòdó ẹ̀ ò pé, ihò wà níbi tí kò yẹ kó wà. Mo dúpẹ́, mo rẹ́rìn-ín sínú, mo ní àgbà ti dé. Mo ká a sínú dúrọ́ọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo tó mọ̀. Ọjọ́ Sátidé kan, Màmá ń bu ògì gbígbóná fún mi. Ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù ni wọ́n ń dà á sí. Ó ń ṣàn lórí tábìlì, wọn ò mọ̀. Mo ní, "Màmá, ilẹ̀ lẹ̀ ń dà á sí!" Wọ́n ní àwọn ń ronú ni. Wọ́n tún un bù, ó tún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo fipá mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Dókítà fi iná wò wọ́n, ó ní, "Màmá, ẹ ti mọ̀ nípa èyí tẹ́lẹ̀, àbí?" Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti dá wá síbẹ̀ kí ọkọ mi tó rìnrìn àjò. Àìsàn ojú kan ni, tó máa ń jí ìríran lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà. Wọ́n ń kán oògùn sí i ní ìkọ̀kọ̀, kó má tètè tán. Wọn ò sọ fún Àjàní. Wọ́n ní tí àwọn bá sọ fún un, kò ní lọ, ayé ẹ̀ á sì dúró lójú kan nítorí ìyá.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ bọ̀ wálé, àwa méjì la wà lẹ́yìn. Màmá gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní, "Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi máa ń pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́, o kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Mò ń kọ́ ojú ẹ̀ sórí ni, Àbẹ̀kẹ́. Bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kí n lè rí i nínú ọkàn mi nígbà tí ojú bá tán."

Mo kọjú sí títì.

Wọ́n tún ní, "Ká ní mi ò fi ọwọ́ mi ba àpótí yẹn jẹ́ ni, mi ò bá ti rí i ju báyìí lọ."

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ yẹn lórí eré. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi. Mo ní, "Màmá," wọ́n ní, "Kí ni, ọmọ mi?" Mo ní, "Ẹ fi aṣọ bo orí, ọyẹ́ ń fẹ́."

Bí a ṣe délé, kí n tó bọ́ bàtà, mo ti fi fílítà náà sáyè ẹ̀. Mo fi sẹ́lótéèpù dè é mọ́ ògiri yíká-yíká. Láìnì wa ò já láti ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá kọrin nínú ilé. Wọ́n ní, "Ó ti dáa, Àbẹ̀kẹ́! Ó ti dáa! Ọlọ́run ti dárí jì mí."

Àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Òjìji ni wọ́n ń rí nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa di Àjíǹde, wọn ò mọ̀ ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà lọ. A wá sọ fún ọkọ mi. Ó sunkún lójú kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè láti wálé.

Ní báyìí, bó bá di aago márùn-ún, èmi àti Màmá la jọ ń jókòó. Wọ́n ṣì ń wé gèlè. Wọ́n á kọjú sí ibi tí ohùn ọmọ wọn ti ń jáde, wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí: "Báwo lojú ẹ̀ ṣe rí lónìí?" Màá sọ fún wọn. Ó ti gé irun, Màmá. Ó sanra díẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó wọ súwẹ́tà búlúù, èyí tí ọrùn ẹ̀ ti fẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú ẹ̀ yẹn ti yọ síta. Màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ti bàbá ẹ̀ ni eyín yẹn." Wọn ò jẹ́ kí n dìde lọ sí ilé ìdáná mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ogójì ìṣẹ́jú gbáko, ojú mi ń wo ojú ọkọ mi. Gbogbo ohun tí mo torí ẹ̀ jalè, wọ́n ti kó o fún mi pátá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màmá ní kí n wá gbọ́ ohun tí àwọn máa sọ fún Àjàní tó bá dé. Wọ́n ti há a sórí. Wọ́n ní àwọn á bẹ̀ ẹ́ nítorí owó wáyà tó ná lásán, àti nítorí ojú ìyàwó ẹ̀ tí àwọn kò jẹ́ kó rí. Wọ́n ní tó bá gba bẹ́ẹ̀, àwọn á kúnlẹ̀. Ìyá á kúnlẹ̀ fún ọmọ! Mo ní, "Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n ní èmi ni ìwà mi dára jù.

Tí mo bá sọ fún ọkọ mi, yóò mọ̀ pé mo ja ìyá òun lólè nígbà tí ojú wọn ń lọ. Tí mo bá sọ fún Màmá, ṣé wọ́n á tún pè mí ní Àbẹ̀kẹ́? Mi ò ní ìyá mìíràn. Tí n ò bá sì sọ, màá dúró, màá máa wò wọ́n lórí eékún wọn. Mo mọ èyí tó tọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ kọ́ mi ni bí mo ṣe máa la ẹnu. Àárọ̀ ni, àbí ìrọ̀lẹ́? Ṣé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀, níwájú ìyá tí kò ní rí i pé mo kúnlẹ̀?

Lánàá, lẹ́yìn tí ọkọ mi ti lọ tán, mo fẹ́ dìde láti pa kọ̀ǹpútà. Màmá wá ọwọ́ mi kiri títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì dì í mú. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ìyàwó mi yìí dára o. Látìgbà tó ti ń bójú tó àpótí yẹn, kò já mọ́."

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n dì mú. Òun náà ni mo fi ń gbé tẹlifóònù yẹn.